Àyè Òfìfo Lójú Ìwé Oògùn: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ibùdó Ìyàsọ́tọ̀ ní Àbújá, Ọdún 2020

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí wáyé ní òpin oṣù Kẹfà ọdún 2020, ní ibùdó tí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Àbújá yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìsàn tó ní àrùn Kòrónà. Kò sí ẹni tó kú nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aláìsàn tó fara pa. Nọ́ọ̀sì kan gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì, oògùn tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, kò kọ ọ́ sínú ìwé oògùn, nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gún aláìsàn náà lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kọ kúẹ̀rì sí ẹni àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn sì yan àwa mẹ́ta láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìjábọ̀ tí a kọ fún ọ̀gá àgbà ṣókí, ó sì gbẹ gẹ́gẹ́ bí ìwé ọ́fíìsì ṣe máa ń gbẹ. Ohun tí kò gba inú ìjábọ̀ yẹn ni mo ń kọ síbí, nítorí ó dá mi lójú pé ohun tó sọ òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dunjú di ẹni tó ń gbàgbé ṣe pàtàkì ju ohun tó gbàgbé lọ. Mo ti fi orúkọ gbogbo ènìyàn àti ti ilé ìwòsàn náà pa mọ́.

Nọ́ọ̀sì tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara, ẹni ọdún 41 nígbà náà, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń gbé ní Kúbwà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta àti ìyá rẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra tipẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Minna, òpin ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń wálé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ọkùnrin náà há sí Minna, kò sì rí Kúbwà wọ̀ títí wọ́n fi gbé òfin náà kúrò ní ọjọ́ 1 oṣù Keje. Gbogbo ìgbà tí a ó máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, obìnrin náà nìkan ni àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le nínú ilé yẹn.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnì kan ti kó àrùn náà wọ Nàìjíríà, ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé tó sì lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí oṣù Kẹta tó parí, ó ti dé Àbújá, ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà sì ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti olú-ìlú àpapọ̀. Ilé ìwòsàn tí mò ń sọ yìí béèrè ẹni tó fẹ́ fínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀. Obìnrin yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ nàwọ́ sókè. Mo bi í nígbà tó yá pé kí ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní òun ti tọ́jú aláìsàn ikọ́ ife rí, ẹ̀rù kò bà òun ju bó ṣe yẹ lọ.

Nínú oṣù Kẹrin, kò sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà dára jù ú lọ. Òun ló ń kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń bọ́ aṣọ ìdáàbòbò. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé wíwọ̀ rẹ̀ ni ó le, ṣùgbọ́n bíbọ́ ni ewu wà: ojú aṣọ náà ti kan ibi tí àrùn wà, bí ọwọ́ bá sì ṣìnà lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí ènìyàn ń yọ ìbọ̀wọ́ tàbí awò ojú, ó lè gbé àrùn náà lọ sí ojú àti imú ara rẹ̀. Ó rẹ ènìyàn ní àkókò yẹn, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì ń kánjú láti jáde, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń yan ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ láti dúró ti àwọn yòókù. Ìwé tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì kọ nípa rẹ̀ ní òpin oṣù náà yìn ín gidigidi. Ìwé kan náà ni a fi sí ẹ̀gbẹ́ kúẹ̀rì oṣù Kẹfà nígbà tí a ń wádìí, ó sì ya gbogbo wa lẹ́nu pé ọwọ́ ọ̀gá kan náà ló kọ méjèèjì.

Kí a tó sọ ohun tó yí padà, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń gba ìjábọ̀ wa kò wọ inú ibẹ̀ rí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ibùdó náà pín sí méjì. Ìta ni tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì wà, níbi tí fáìlì, ìwé oògùn àti tẹlifóònù wà. Inú lọ́hùn-ún ni àwọn aláìsàn wà, ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní rẹ́ẹ̀dì sóònù. Ohun tó bá wọ inú rẹ́ẹ̀dì sóònù kò gbọdọ̀ jáde bí kò bá ṣeé fi kẹ́míkà nù, bébà kò sì ṣeé nù. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì á wọlé, á yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti èémí ẹnì kọ̀ọ̀kan wò, á fún wọn ní oògùn, á gún abẹ́rẹ́, á yí àwọn tí kò lè dìde sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò jáde, yóò bọ́ aṣọ, yóò wẹ̀, yóò wá jókòó láti rántí gbogbo ohun tó ṣe àti iye tó ṣe é kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín ìgbà tó fún aláìsàn àkọ́kọ́ ní oògùn àti ìgbà tí yóò fọwọ́ kan bírò, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lè ti kọjá.

Oṣù Kẹta àti Kẹrin ni ooru máa ń mú jù ní Àbújá. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ amúlétutù nítorí ìbẹ̀rù pé ó lè máa tan àrùn náà káàkiri yàrá. Aṣọ náà kò gba afẹ́fẹ́ wọlé, òógùn á sì máa ṣàn sínú bàtà. Àwọn nọ́ọ̀sì kì í mu omi láti bíi wákàtí kan kí wọ́n tó wọlé, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n, nítorí ẹni tó bá jáde láti tọ̀ ti ba aṣọ kan jẹ́ nìyẹn, aṣọ kò sì pọ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, àwọn Mùsùlùmí inú wọn ń ṣe èyí pẹ̀lú ààwẹ̀. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn ráhùn nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ẹni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ìbọ́ṣọ tí kò lè dìde fún ìgbà díẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún, ìjọba ti dẹ okùn òfin náà díẹ̀, àwọn aláìsàn sì ń pọ̀ sí i. Mẹ́ta nínú àwọn nọ́ọ̀sì ibùdó náà kó àrùn yìí, wọ́n sì ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ètò tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ sinmi ní hòtẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó padà sílé. Hòtẹ́ẹ̀lì náà tán nílẹ̀ kí oṣù Karùn-ún tó parí, wọ́n sì ní kí oníkálukú máa lọ láti ilé. Rósítà tó ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú di èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní aago mẹ́wàá alẹ́ fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Nígbà tí àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ àkànṣe bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, tí wọn kò dá a dúró títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún mú nọ́ọ̀sì kan kúrò ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀ láti lọ ran àwọn wọ́ọ̀dù yòókù lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣẹ́ kù ń wọ rẹ́ẹ̀dì sóònù lẹ́ẹ̀mejì nínú dúùtì kan ṣoṣo.

Ilé tí obìnrin náà ń padà sí kò fún un ní ìsinmi. Onílé rẹ̀ ní kí ó máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àwọn alájọgbé kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ pọn omi nídìí bọ́rẹ̀hóòlù nígbà tí àwọn yòókù bá wà níbẹ̀. Ó ń sùn sórí ẹní nínú pálọ̀ kí ó má baà bá ìyá rẹ̀ sùn ní yàrá kan náà, ìyá náà kò sì gbà; ìyá á jí lóru, á wá bò ó láṣọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Sábọ̀n Gàrí ní Kánò, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú oṣù Kẹrin láìsí àlàyé tó dájú, tí ilé àyẹ̀wò tó wà ní Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni Aminu Kano sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Lójoojúmọ́ ni ó ń pe àbúrò náà, bí kò bá sì gbé e lẹ́ẹ̀kan, kò ní lè fọkàn sí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún 5 náírà lóṣù ni owó àjẹmọ́nú ewu iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera ń gbà láti ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì yí padà títí òpin ọdún 2021. Ìjọba àpapọ̀ wá gbà láti san àkànṣe owó fún oṣù Kẹrin, Karùn-ún àti Kẹfà, èyí tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gan-an fún àwọn tó wà níwájú ogun náà. Orúkọ obìnrin yìí kò sí nínú àkọ́kọ́ ìwé tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́. Ohun tó fà á ni pé kò sí ẹni tó kọ ìwé tó gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin: ẹnu ni wọ́n fi sọ fún un. Lójú ìwé, kò kúrò ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin rí.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé òun ti ń rí i láti àárín oṣù Karùn-ún pé iṣẹ́ obìnrin náà ń lọ sẹ́yìn. Ó ń pẹ́ dé. Àwọn ìlà kan nínú ìwé oògùn rẹ̀ ṣófo. Ìjábọ̀ tó ń fi sílẹ̀ fún àwọn dúùtì alẹ́, tó máa ń kún ojú ìwé tẹ́lẹ̀, ti di ìlà méjì. Ó dá ẹni tó ń gbálẹ̀ lóhùn ṣákálá lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá náà gbà pé ìyìn oṣù Kẹrin ló ń gun obìnrin náà, àti pé tẹlifíṣọ̀n tó yà wọ́n nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún aláìsàn àkọ́kọ́ tó padà sílé ti mú un gbéra ga. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí síbí nítorí kì í ṣe ìkà ló sọ ọ́. Obìnrin tó bìkítà ni ọ̀gá náà, òun fúnra rẹ̀ kò sì sinmi láti oṣù Kẹta. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ń sọ.

Ohun tí ojú rẹ̀ kò rí ni a rí nígbà tí a bá àwọn aláìsàn tó ti padà sílé sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní obìnrin yìí pa òun tì. Ọ̀kan sọ pé òun ni nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń dúró títí òun fi gbé oúnjẹ mì. Òmíràn rántí pé ó máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí àyà aṣọ funfun náà, kí àwọn aláìsàn tí kò rí ojú ẹnikẹ́ni lè mọ ẹni tó wọlé. Nígbà tí agbára rẹ̀ ń tán, kò dín ohun tó ń ṣe fún aláìsàn kù. Ó dín ohun tó ń kọ kù. Èyí sì ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe àbójútó òṣìṣẹ́ ìlera fi sọ́kàn: òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn máa ń kọ́kọ́ ju ohun tí aláìsàn kò ní mọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun yẹn gan-an nìkan ni ọ́fíìsì ń rí. Lójú ọ̀gá, iṣẹ́ obìnrin náà ti bàjẹ́ láti oṣù Karùn-ún. Lójú aláìsàn, kò tíì bàjẹ́ rárá títí di alẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Dúùtì ọ̀sán ni ó wà, ó sì ti wọlé lẹ́ẹ̀kan láti aago mẹ́ta. Ó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní ìrọ̀lẹ́ nítorí ẹni tó yẹ kí ó wọlé kò wá. Ọkùnrin oníṣòwò kan, Hausa, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó ní àtọ̀gbẹ pẹ̀lú Kòrónà, ni ó gún ní ínsúlínì ní aago méje kó tó jẹun. Ó jáde, ó bọ́ aṣọ, ó wẹ̀, ó jókòó láti kọ ohun tó ṣe fún aláìsàn mọ́kànlá. Ó ti kọ ju ìdajì lọ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún: ọmọ rẹ̀ àgbà ló ń pè láti Kúbwà pé màmá àgbà ń wúkọ́, ara wọn sì gbóná. Ó bọ́ síta láti dáhùn. Nígbà tó padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó rò pé òun dé, kì í ṣe ibi tó dé ní tòótọ́. Ìlà ọkùnrin oníṣòwò yẹn ṣófo.

Nọ́ọ̀sì alẹ́ wo ìwé náà, ó rí àyè òfìfo, ó rò pé wọn kò tíì gún un. Ó mú oògùn wọlé. Aláìsàn náà ló sọ fún un ní èdè Hausa pé "An riga an yi mini," wọ́n ti ṣe é fún òun. A dúpẹ́ pé ọkùnrin náà jẹ́ ẹni tó ń fiyè sí ìtọ́jú ara rẹ̀, a sì tún dúpẹ́ pé nọ́ọ̀sì alẹ́ náà gbọ́ Hausa. Ó yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ó jẹ́ 92, kò ga rárá. Ó dá abẹ́rẹ́ náà padà. Ẹni tó bá mọ ohun tí ínsúlínì ìlọ́po méjì lè ṣe fún àgbàlagbà tí oúnjẹ kò wọ̀ lẹ́nu, lóru, nínú yàrá tí nọ́ọ̀sì kò ní wọ̀ mọ́ títí ìdájí, yóò mọ ìdí tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì fi gbaná jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Kúẹ̀rì náà ní kí ó ṣàlàyé láàárín wákàtí 48 ìdí tí wọn kò fi ní bá a wí. Èsì rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní òun gbàgbé ni, pé kò sí àwáwí, pé kí wọ́n fojú fò ó dá. Kò dárúkọ ìyá rẹ̀. Kò sọ pé ìgbà kejì tí òun wọlé nìyẹn. Kò sọ pé ẹnì kan kò wá sí dúùtì. Ọ̀kan nínú wa nínú ìgbìmọ̀ ka èsì náà, ó ní ó hàn pé obìnrin náà kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé a kì í fi ìwé bá àgbà ṣe ẹjọ́. Ẹni tó bá ń to àlàyé jọ lójú ọ̀gá, wọ́n á ní ó ń ṣe àfojúdi. Bí a bá sì fẹ́ mọ òtítọ́ láti ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwé kúẹ̀rì ni ohun tó kẹ́yìn tó yẹ kí a fi béèrè.

Nígbà tó wá síwájú ìgbìmọ̀, ohun kan náà ló tún ń sọ. "Ẹ má bínú ma, mo gbàgbé ni." Dókítà tó jẹ́ alága wa, ọmọ Nupe kan tó ní sùúrù, dáwọ́ ìbéèrè dúró, ó ní ká sinmi díẹ̀. Mo bi obìnrin náà léèrè nígbà tó ku àwa méjèèjì pé báwo ni màmá.

"Ara wọn ti yá ma. Àná ni èsì àyẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn ò ní in."

"Ṣé wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ma. Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbàgbé abẹ́rẹ́ yẹn ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀."

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣí. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi retí èsì náà, ó sì ń wá síbi iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí bó bá sọ, wọ́n á ní kí ó jókòó sílé, kò sì ní sí ẹni tó máa wọlé. Ó sọ ohun kan tí mo kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "Bí mo bá wà nínú aṣọ yẹn ma, mo mọ ohun tí mo ń ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Bí mo bá ti bọ́ ọ tán ni gbogbo wọn máa ń dà pọ̀ mọ́ra lórí mi."

Gbólóhùn yìí ló rán wa padà sídìí ìwé. A kó ìwé oògùn ibùdó náà jọ láti oṣù Kẹrin títí dé òpin oṣù Kẹfà, ti gbogbo nọ́ọ̀sì, a sì wo ibi tí àyè òfìfo wà. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló ní i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nọ́ọ̀sì tí kò ní in, ibì kan náà ni wọ́n sì pọ̀ sí: àwọn oògùn tí wọ́n fún aláìsàn nígbà ìwọlé kejì, àti àwọn aláìsàn tí orúkọ wọn wà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Nínú oṣù Kẹrin, nígbà tí kò sí ìwọlé kejì, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ọ̀kan. Tirẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù nítorí pé òun ló wọlé lẹ́ẹ̀kejì jù. Ẹni tó máa ń gbà nígbà tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ ni.

Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé nípa ohun tó jọ èyí tipẹ́. Robert Karasek ṣàlàyé ní ọdún 1979 pé kì í ṣe pípọ̀ iṣẹ́ nìkan ló ń ba òṣìṣẹ́ jẹ́, bí kò ṣe kí iṣẹ́ pọ̀ kí òṣìṣẹ́ má sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ lórí bí yóò ṣe ṣe é àti ìgbà tí yóò ṣe é. Rósítà aago mẹ́wàá alẹ́ yẹn ni mo rántí nígbà tí mo ka èyí. Christina Maslach ní tirẹ̀ pín ìtánnilókun iṣẹ́ sí mẹ́ta: kí okun inú tán, kí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ń tọ́jú bí ẹni tí kì í ṣe ènìyàn mọ́, àti kí ó máa rò pé iṣẹ́ òun kò já mọ́ nǹkan kan. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìtánnilókun náà sínú ìwé ìtò àwọn àrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe àìsàn, pé másùnmáwo ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ló ń fà á. Nínú mẹ́ta ti Maslach, àkọ́kọ́ nìkan ni mo rí lára obìnrin yìí. Àwọn aláìsàn kò di igi lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi tako àbá pé kí a fi í ránṣẹ́ sí agbaninímọ̀ràn, kí a sì pa ọ̀rọ̀ náà tì síbẹ̀. Ìmọ̀ràn dára, ó sì lọ gbà á nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bó bá padà sínú rósítà kan náà, abẹ́rẹ́ mìíràn ni yóò gbàgbé.

Ìgbìmọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí kúẹ̀rì náà. Ẹni tó wá láti ẹ̀ka àkóso ní ó gbọ́dọ̀ dúró, nítorí ènìyàn ì bá ti kú, àti pé bí a bá fa ìwé yẹn ya, gbogbo nọ́ọ̀sì yóò máa gbàgbé tí wọ́n á sì máa dárúkọ ìyá wọn. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì náà fi òwe tì í lẹ́yìn pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo dá wọn lóhùn pé ará yòókù ti ń jìn sí i láti oṣù Karùn-ún, ìwé oògùn wọn wà lórí tábìlì, kò sì sí ẹni tó ti lọ dí kòtò náà. Alága ló bá wa wá ọ̀nà àárín: kúẹ̀rì kò kúrò nínú fáìlì, nítorí ìlànà iṣẹ́ ìjọba kò fún ìgbìmọ̀ wa ní agbára láti yọ ọ́, ṣùgbọ́n a so ìjábọ̀ wa mọ́ ọn lẹ́yìn, kò sì sí ìjìyà kankan tó tẹ̀ lé e. Èmi kò tíì fara mọ́ ọn tán. Ẹni tó bá ṣí fáìlì náà yóò kọ́kọ́ rí kúẹ̀rì.

Nínú ohun tí a dámọ̀ràn, èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni ó rọrùn jù, kò sì náni lówó kankan. Ògiri tó wà láàárín inú àti ìta ní fèrèsé onígíláàsì. Nọ́ọ̀sì méjì wà ní ilé ìwòsàn náà tí wọ́n ti yọ kúrò nínú iṣẹ́ ibùdó, ọ̀kan nítorí oyún, èkejì nítorí ikọ́ fée, ìyẹn ásímà, wọ́n sì jókòó sí ọ́fíìsì kan tí wọn kò rí nǹkan gidi ṣe. A ní kí ọ̀kan máa dúró nídìí fèrèsé náà níta pẹ̀lú ìwé oògùn ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wà nínú. Ẹni tó wà nínú á pe orúkọ aláìsàn, oògùn àti iye rẹ̀ sórí fóònù kan tí a fi sílẹ̀ sínú lọ́hùn-ún tí kì í jáde. Ẹni tó wà níta á kọ ọ́, á tún un kà, ẹni tó wà nínú á nàka sókè pé ó tọ̀nà. Kò sí ohun tí a ń rántí mọ́. Aboyún náà fúnra rẹ̀ ló fi kún un pé kí òun máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú bóyá orí ń fọ́ ọ tàbí ojú ń ṣú u, tó bá sì gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun á ní kí ó jáde. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó bẹ̀rẹ̀ èyí, ọ̀gá nọ́ọ̀sì kò sì dá a dúró.

Wọ́n tún gbà pé rósítà yóò padà sí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní wọlé lẹ́ẹ̀kejì bí kò bá jẹ́ pé ẹ̀mí wà nínú ewu. Ti rósítà lọ déédéé, ti ìwọlé kejì kò lọ déédéé, nítorí ènìyàn kò tó. Orúkọ obìnrin náà wọ ìwé owó àjẹmọ́nú lẹ́yìn tí alága kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì, owó náà sì dé nígbà tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé rẹ̀. Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó ní àgbàlagbà nílé kò jáde rárá.

Àyè òfìfo dín kù lójú ìwé láti oṣù Keje lọ, ó sì dín kù fún gbogbo wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àwọn aláìsàn dín kù, obìnrin náà béèrè kí wọ́n dá òun padà sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, wọ́n sì fún un, nínú ìwé lọ́tẹ̀ yìí.

Ìgbì kejì àrùn náà dé ní oṣù Kejìlá, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ nínú oṣù Kìíní ọdún 2021. Ẹni tó lóyún ti bímọ, ó wà nílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée lọ fún ìsinmi Kérésìmesì. Kò sí ẹni tó rántí láti fi ẹlòmíràn sí ìdí fèrèsé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àyè òfìfo ti padà sójú ìwé oògùn, ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, lábẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti wọ́ọ̀dù mìíràn, tí wọn kò sí níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà, tí ẹnikẹ́ni kò sì yìn wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n rí. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí i. Kò kọ kúẹ̀rì. Ó pe ẹ̀ka ìgbaniwọlé pé kí wọ́n yá òun ní akọ̀wé kan, ó sì jókòó sídìí fèrèsé náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú bírò títí akọ̀wé náà fi dé.